Ẹni tó ni táyà ló ni igi: bí igi ìdáná ṣe kúrò lórí obìnrin, tó bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀

1/
Gbogbo wa la gbà pé jọ́lọ́ọ̀fù orí iná igi ló ń dùn jù. A ti ya fídíò rẹ̀, a ti fi orin sí i, a ti tìtorí ẹ̀ bá àwọn ará Gánà jà. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó béèrè pé: igi yẹn ńkọ́? Báwo ló ṣe ti oko dé ibi ayẹyẹ? Ta ló gbé e? 🧵

2/
Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí, ìtàn ọkọ̀ ni, kì í ṣe ìtàn oúnjẹ. Mo fẹ́ ká wo bí ẹrù igi ṣe kúrò lórí ènìyàn, tó bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, àti ohun tó yí padà lọ́jọ́ tó bọ́ síbẹ̀. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹ bu omi mu, ẹ jókòó.

3/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè kan tó lè kọ́kọ́ jọ àwàdà. Ní ìhà Kánò, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń ru igi ìdáná wọ ìlú tipẹ́tipẹ́. Kí ló dé tí kò sí irú ẹ̀ ní Oǹdó? Kí ló dé tí àwọn baba ńlá wa ní Ìjẹ̀bú kò di igi lé ẹṣin lẹ́yìn?

4/
Eṣinṣin ni. Eṣinṣin tsetse máa ń gbé inú igbó, ó sì máa ń kó àìsàn ran ẹran ọ̀sìn tó bá jẹ. Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í pẹ́ kú níbẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé lè ní ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin torí pé ilẹ̀ ọ̀dàn ló wà. Bí èèyàn bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ wọ inú igbó kìjikìji, bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin ń tán.

5/
Nítorí náà, nínú igbó, orí ènìyàn ni ọkọ̀. Epo pupa, iṣu, aṣọ, iyọ̀, orí ni gbogbo wọn ń gùn. Ẹrú rù ú, ìwọ̀fà rù ú, alárù tó ń gbowó rù ú. Igi ìdáná ní tirẹ̀, iṣẹ́ obìnrin àti ọmọdé ni. Bàbá lè fi àáké la èyí tó nípọn, àmọ́ ìyá ló máa dì í, tó máa ká òṣùká, tó máa gbé e délé.

6/
Ìdì igi kan lè wọn kìlógíráàmù 20 sí 30. Ẹ fojú inú wo ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lórí yín, láti oko délé, nínú oòrùn, kí ọmọ tún wà lẹ́yìn. Ó tún di ọjọ́ mélòó kan sí i, ẹ tún padà lọ. Ẹni tó bá sọ pé ayé àtijọ́ rọrùn, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ọrùn ìyá rẹ̀ àgbà.

7/
Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí a máa ń gbàgbé. Igi yẹn kò náni lówó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, igi gbígbẹ tó já sílẹ̀ lóko ẹbí, ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ ló ni ín. Àárẹ̀ ara ni owó rẹ̀. Obìnrin tó bá sì ṣẹ́ ju èyí tó máa dá lọ, á gbé e lọ sọ́jà. Owó yẹn, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, a máa padà síbẹ̀.

8/
Ẹ̀rọ kọ́kọ́ wọ igbó wa ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní nǹkan bíi 1899, ìjọba òyìnbó pààlà sí igbó Olókemèjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, wọ́n ní igbó ọba ni. Ní 1901, ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, igbó ní ẹ̀ṣọ́, ó tún ní ọ̀nà tí ẹrù ńlá lè gbà jáde.

9/
Nígbà tó yá, ìjọba tún gbin igi kásíà tó wá láti Éṣíà káàkiri Nàìjíríà, fún igi ìdáná àti òpó. Ẹ rò ó wò: ohun tí ìyá wa ń ṣà lófẹ̀ẹ́ ti di ohun tí ìjọba ń gbìn, tó ń kà, tó ń ta. Àmọ́ rélùwéè kì í yà wọ oko ẹnikẹ́ni. Láti oko dé ibi tí ilẹ̀kẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀nà ti pàdé títì, orí ṣì ni.

10/
Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló yà wọ oko. Ní 1906, wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1920, lọ́rì Ford kéékèèké ti ń pọ̀ sí i, àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú náà sì ti ń rà wọ́n. Kòkó ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wá, kì í ṣe igi. Àmọ́ ọ̀nà tí a bá là fún kòkó, ta ló fẹ́ dá igi dúró lórí ẹ̀?

11/
Ẹ jẹ́ ká fi ilé sílẹ̀ díẹ̀, torí pé ní àkókò kan náà yẹn, àwọn àgbẹ̀ ibòmíràn ń bá ìṣòro kan náà jà: báwo la ṣe máa kó igi àti ẹrù oko láìpa ara wa? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ọ̀nà tí wọ́n gbà, kẹ́ ẹ tó rí ọ̀nà tí àwa gbà.

12/
Ní Amẹ́ríkà, Ford gbé Model T jáde ní 1908. Àwọn àgbẹ̀ kò tiẹ̀ dúró de ilé-iṣẹ́. Wọ́n gé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, wọ́n kan àpótí pákó mọ́ ọn, wọ́n fi ń kó ẹrù. Àwọn kan máa ń fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, wọ́n á fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ayùn, ọkọ̀ á wá máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́ igi ìdáná. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kan náà á gbé igi ọ̀hún wálé.

13/
Ford rí i pé àgbẹ̀ ti gbọ́n jù ú lọ. Ní 1925, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model T tó ti ní àpótí ẹ̀yìn láti ilé-iṣẹ́, ní dọ́là 281. Ó lé ní 30,000 tí wọ́n tà lọ́dún àkọ́kọ́. Píkọ́ọ̀pù tí gbogbo wa mọ̀ lónìí, ibẹ̀ ló ti gba ìwé ẹ̀rí.

14/
Ti Ọsirélíà ló dùn mọ́ mi jù. Ní 1932, ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Gippsland kọ lẹ́tà sí Ford pé àwọn fẹ́ ọkọ̀ tó máa gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tó tún máa gbé ẹlẹ́dẹ̀ lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán ẹ̀rọ kan, Lew Bandt, jókòó tì í. Ní 1934, ọkọ̀ náà jáde. “Ute” ni wọ́n ń pè é títí dòní. Obìnrin ló béèrè o!

15/
Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Maurice Wilks, ọ̀gá nílé-iṣẹ́ Rover, ń lo jíìpù sójà kan nínú oko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey. Ó wò ó pé bí èyí bá bàjẹ́, kí ni òun máa fi rọ́pò rẹ̀? Ní oṣù kẹrin 1948, wọ́n fi Land Rover han aráyé ní Amsterdam. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ lè yí ayùn ìrẹ́gi nínú oko. Irinṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n pè é níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ olówó.

16/
Ní 1988, Kawasaki gbé ọkọ̀ oko kékeré kan jáde tí wọ́n sọ ní Mule, ìyẹn ìbaaka. Ẹ rí i? Wọ́n mọ̀ pé ipò ẹran tó ń ru ẹrù ló ń gbà. Ó kéré sí píkọ́ọ̀pù, ó ní àpótí ẹ̀yìn, kò sì wà fún títì márosẹ̀. Láàárín oko nìkan ló ń rìn: igi ìdáná, oúnjẹ ẹran, wáyà ọgbà. Ẹ ti rí irú rẹ̀ nínú fídíò àwọn tó ń gbé lábúlé Amẹ́ríkà.

17/
Gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí, ohun kan ló pa wọ́n pọ̀: ẹni tó ni oko ló ni ọkọ̀. Ọkọ̀ dà bí àáké àti àdá. Tí àgbẹ̀ bá lo wákàtí méjì láti kó igi, wákàtí tirẹ̀ ni, igi tirẹ̀ ni, iná tirẹ̀ ni. Ọkọ̀ kò dá sí iye tí igi yẹn tó.

18/
Ó ti tó, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Tiwa, lọ́rì ló kọ́kọ́ jọba. Bedford láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn káfíńtà wa kan ara pákó mọ́. Bọ́lẹ̀kájà! Èrò jókòó sáàárín ẹrù, ẹrù jókòó sáàárín èrò. Àgbẹ̀ kọ́ ló ni í. Ọlọ́kọ̀ ń gbé ìlú, awakọ̀ ń jẹ́ iṣẹ́ fún un, àgbẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ dúró létí títì pẹ̀lú ẹrù, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ iye.

19/
Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Leyland ń to Land Rover pọ̀ ní Ìbàdàn níbí. Nígbà tó yá, 504 píkọ́ọ̀pù dé, ọkọ̀ tó lè ru nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lórí ọ̀nà tó ti bàjẹ́, tí kò sì ráhùn. Títí dòní ẹ ṣì lè rí ọ̀kan tó dàgbà jù yín lọ, tó ń kó igi.

20/
Ẹ bá mi ṣírò. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ kìlógíráàmù 1,000. Bí ìdì igi kan bá wọn 25, píkọ́ọ̀pù kan ti gbé ẹrù obìnrin 40 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ogójì ọrùn sinmi! Ẹni tó bá ní èyí kò dára, kó wá ru ìdì kan kí n rí i. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni kọrin ìyìn òṣùká.

21/
Àmọ́ ohun mẹ́ta yí padà. Àkọ́kọ́, irú igi. Obìnrin máa ń ṣa ẹ̀ka gbígbẹ, torí pé òun ni ọwọ́ rẹ̀ lè ṣẹ́, òun ni orí rẹ̀ lè rù. Ọlọ́kọ̀ tó ti da epo sọ́kọ̀ kò lè fi ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kún àpótí. Igi tó nípọn ló ń wá. Bí ẹ̀rọ ìrẹ́gi ṣe wá dé, igi tútù tó dúró lóòró ló kù tí wọ́n ń bẹ́. Igi àyìn tó máa ń jó pẹ́, tó ń ṣe ẹyin iná dáadáa, ló kọ́kọ́ máa ń lọ.

22/
Ìkejì, ọ̀nà tó jìn. Orí kò lè kọjá ibi tí ẹsẹ̀ lè lọ kó sì bọ̀ lójúmọ́ kan. Nítorí náà, igbó tó jìnnà sí ìlú ní ààbò, láìsí ẹ̀ṣọ́ kankan. Píkọ́ọ̀pù ti yọ ààbò yẹn kúrò. Ibikíbi tí táyà bá lè dé, igbó etí ìlú ni báyìí.

23/
Ìkẹta ló dùn mí jù: owó. Ẹ rántí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ dì mú. Owó igi jẹ́ ti obìnrin. Lọ́jọ́ tí igi di ọjà ọlọ́kọ̀, ẹni tó ni igi gbowó, ẹni tó ni ẹ̀rọ ìrẹ́gi gbowó, ẹni tó ni ọkọ̀ gbowó, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Obìnrin bọ́ sí apá kejì ọjà: òun ló wá ń rà. Owó tí kò bọ́ sọ́wọ́ ọkọ rí, ọkọ̀ gbà á.

24/
Kẹrosíìnì ló bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìrànwọ́ ìjọba mú kó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ ilé nígboro ra sítóòfù, igi wá di ti bùkà, ti ilé búrẹ́dì, ti àwọn tó ń yan gàrí, ti ẹlẹ́ja yíyan àti ti ayẹyẹ. A rò pé a ti kúrò nídìí igi. A ò kúrò, ojú wa ló kúrò níbẹ̀.

25/
1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé. Náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, alùpùpù náà sì di ọkọ̀ èrò. Wọ́n sọ ọ́ ní ọ̀kadà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Èkó lásìkò Buba Marwa, orúkọ rẹ̀ náà ló ń jẹ́.

26/
Ọ̀kadà yìí gan-an ni Mule tiwa. Ọ̀nà oko tí píkọ́ọ̀pù kò lè wọ̀, ó wọ̀ ọ́. Ẹ lọ sí ọ̀nà abúlé èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, ẹ máa rí i: ìdì igi tí wọ́n fi okùn rọ́bà so dábùú ẹ̀yìn alùpùpù, tó fẹ̀ ju ọ̀nà lọ, ọlọ́kadà tẹ̀ síwájú bí ẹni ń kúnlẹ̀ àdúrà. Ó léwu púpọ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ òun ló sún mọ́ àgbẹ̀ jù nínú gbogbo ọkọ̀ tí a ti ní.

27/
Mo lọ bá ìyá oníbùkà kan tó ń ra igi ní píkọ́ọ̀pù píkọ́ọ̀pù. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń gbówó lórí igi báyìí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, igi kọ́ ni mò ń ra mọ́. Epo ọkọ̀ ni mò ń rà, wọ́n kàn fi igi sọ́wọ́ mi ni.”

28/
Mi ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún 2023, ìjọba yọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tó wà ní nǹkan bíi ₦185 ní Èkó di ₦488, ó sì tún gòkè lẹ́yìn náà. Gáàsì náà wọ́n, àwọn kan sá padà sídìí igi. Àmọ́ igi tí wọ́n sá lọ bá, epo ló gbé e wá. Ẹni tó ń sá fún iná ti lọ jókòó sórí ẹyin iná.

29/
Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ náà báyìí? Ìyá rẹ̀ àgbà kò ní ọkọ̀, àmọ́ owó epo kò kàn án. Àgbẹ̀ Gippsland ní ọkọ̀, epo rẹ̀ ti oko sílé nìkan ni. Ìyá oníbùkà wa kò ní ọkọ̀, kò ní oko, síbẹ̀ ó ń san owó epo, owó ẹ̀rọ ìrẹ́gi, owó ọmọ akẹ́rù, àti owó gbogbo ẹni tó na okùn sójú ọ̀nà. Níbi tí àgbẹ̀ ti ní ọkọ̀, ọkọ̀ jẹ́ irinṣẹ́. Níbi tí a ti ń háyà rẹ̀, ọkọ̀ ni ọ̀gá.

30/
Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé, “Ẹ fi igi sílẹ̀, ẹ lo gáàsì.” Òótọ́ ni. Èéfín kì í ṣe eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin inú ilé, tó wá láti irú iná báyìí, pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní 2020 nìkan. Obìnrin àti ọmọdé ló ń fà á símú jù. Èmi náà fẹ́ ká kúrò nídìí igi. Àmọ́ ìyá tó ń yan gàrí lóko kò ní kúrò níbẹ̀ lọ́la, ó sì gbọ́dọ̀ jẹun lónìí.

31/
Nítorí náà, tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun tó fẹ́ ṣe nǹkan sábúlé, ẹ gbọ́ mi. A máa ń fún àwọn obìnrin ní sítóòfù, a ó ya fọ́tò, a ó lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ni wọ́n nílò. Irú èyí tó ní àpótí lẹ́yìn, tó ń wọ ọ̀nà oko.

32/
Kì í ṣe fún ẹnì kan o. Fún ẹgbẹ́. Èsúsú àti àjọ, àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n ṣe ju ilé ìfowópamọ́ lọ. Tí obìnrin ogún bá jọ ní kẹ̀kẹ́ kan, wọ́n á kó igi, wọ́n á kó ẹ̀gẹ́, wọ́n á kó omi, wọ́n á tún gbé aláboyún dé títì. Kí wọ́n sì gbin kásíà sí ẹ̀bá oko, torí pé ó máa ń tètè hù padà tí a bá gé e. Èrè á padà sọ́wọ́ tó ti ń wá tẹ́lẹ̀.

33/
Ẹ̀rọ dára. Orí kò yẹ ní ọkọ̀. Ohun tí ìtàn yìí ń sọ fún mi ni pé ẹrù lè kúrò lórí èèyàn, kí èrè sì bá a lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí nǹkan. Ó tó kí táyà jẹ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà míì tí wọ́n bá tún gbé ẹ̀rọ tuntun wá sábúlé wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ “kí ló lè ṣe?” Ó yẹ kó jẹ́ “orúkọ ta ló wà lórí ìwé rẹ̀?”

34/
Ẹ lọ bi ìyá tàbí ìyá àgbà yín léèrè lónìí: ta ló ń ṣẹ́ igi nílé yín, ọdún wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, ọkọ̀ wo ló kọ́kọ́ gbé e wá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí pẹ̀lú orúkọ ìlú yín. Mò ń kó wọn jọ, torí pé ìtàn yìí, àwọn tó rù ú kò tíì kọ ọ́.